Ẹni Tí Kì Í Ṣubú

Òórùn bàámù ló máa ń jí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màmá mi á ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á máa fi bàámù ra orúnkún rẹ̀, òórùn náà á sì bo ti ògì tó wà lórí sítóòfù mọ́lẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti mọ̀ pé èmi nìkan ni màá lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà.

Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá là ń gbé ní Mushin. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń dunni léegun, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ti ga jù ú.

Lórí bẹ́ǹṣì ọ̀ọ̀dẹ̀ la ti máa ń ṣeré, èmi, Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti Sikirù, ọmọ bàbá kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀. Eré náà kò ju dáìsì inú lúdò àti ẹnu wa lọ. Oníkálukú á mú ẹnì kan wá sínú ìtàn, a ó sì rán wọn lọ sí ìrìn àjò. Tí o bá ju dáìsì tó jẹ́ oókan, ibi ti dé bá ẹni rẹ nìyẹn. Wàá sọ bó ṣe ṣubú, wàá sì sọ bó ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni ti Sikirù jẹ́ awakọ̀ olójúkòkòrò tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bà jẹ́ ṣáá. Ti Àǹtí Bọ́sẹ̀ jẹ́ ìyá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti ká tán, tó sì fẹ́ràn ìjà.

Tèmi ń jẹ́ Bọ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fún un ní gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò ní. Ó ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Òtútù kì í mú un, abẹ́rẹ́ kì í wọlé sí i lára. Ọ̀tá tó bá fẹ́ bá a jà á kàn rí ojú rẹ̀, á bú sẹ́kún, á sì ronú pìwà dà. Tí mo bá ju oókan, n kì í ṣaláìrí nǹkan sọ: ó ti lá àlá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ìyẹ́ hù sí i léjìká.

"Òjóró nìyẹn!" Sikirù á pariwo. "Ẹni tìẹ ò kí ń ṣubú. Kí la wá ń ju dáìsì fún?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi, n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé tí Bọ́sẹ̀ inú eré bá ṣubú, èyí tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè má dìde mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn èèyàn inú eré wa ń kọjá lórí afárá kan ní Ìjọra tó ti ń ya lulẹ̀. Mo ju dáìsì, oókan ni. Mo ti la ẹnu láti hu ìyẹ́ fún ẹni mi nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbọ́wọ́ lé dáìsì náà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́jọ́ náà, ó fi ìró màmá wa wé e.

"Ta lẹni yìí?" ló bi mí. "Èmi mà kọ́ o. Èmi ń ṣubú. Mo ṣubú ní bálùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, èmi náà ni mo sì dá ara mi gbé kí Mọ́mì tó dé. Mi ò sí nínú eré ẹ yìí rárá. Mú mi síbẹ̀ bí mo ṣe wà, àbí kó o lọ wá orúkọ ẹlòmíì pè."

Mo jẹ́ kó ṣubú. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, omi sì gbé e. Ẹkún gbà mí lẹ́nu níbẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gba ìtàn náà, ó ní ìyá arúgbó tú gèlè rẹ̀, ó fi fà á jáde, ó sì ń ṣépè fún un pé ó ba gèlè òun jẹ́. Sikirù rẹ́rìn-ín títí tó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Màmá mi a máa sọ pé, "Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Wọ́n máa ń sọ ọ́ nígbà tí aládùúgbò bá kú, tí àwọn tó bú u lánàá bá ń yìn ín. N kò mọ̀ pé yóò kan ilé wa. Nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ kú, lọ́dún tó wọ yunifásítì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kì í bínú, wọ́n ní kò ráhùn rí, wọ́n ní áńgẹ́lì ni. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi tèmi a máa bínú, a máa jí ẹran nínú ọbẹ̀, a sì máa bú nọ́ọ̀sì mọ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tí kì í ṣubú ni wọ́n ń sin, n kò sì mọ̀ ọ́n.

Yaba ni mò ń gbé báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ kan máa ń jókòó yí tábìlì ká, a ń ṣe irú eré yẹn, àfi pé dáìsì tiwa lójú púpọ̀, ìwé òfin rẹ̀ sì nípọn bí Bíbélì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa kì í pẹ́ mú ẹni tó pé pérépéré wá sínú eré, tó rẹwà, tó gbọ́n, tí ìyà kò lè jẹ. Àwọn yòókù á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Tí eré bá parí, mo máa ń bi í ní jẹ́jẹ́ pé, "Ta lò ń bẹ̀rù fún?"

Ẹni tèmi ṣì ń jẹ́ Bọ́sẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní kékeré, àdúrà mi ni pé kí dáìsì má jẹ́ oókan. Ní báyìí, tí oókan bá jáde, mo máa ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣubú. Èmi ni màá sọ bó ṣe dìde, títí màá sì fi sọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀.