Kọ̀ǹpútà Moríyọ̀ àti Ìbúra Tí Gift Kọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Moríyọ̀ ọmọ Ògúnwùmí ní Ùsì, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í fi nǹkan rẹ̀ ṣeré. Abọ́ tó bá fi jẹun, òun náà ni yóò fọ̀ ọ́. Bàtà tó bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ibi tó kọjú sí ni kó ṣì kọjú sí nígbà tó bá padà dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo agboolé yóò gbọ́ ọ. Ó ń sún mọ́ ogójì ọdún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì gba yàrá kan tó kọjú sí àgbàlá. Inú yàrá yẹn ló ti ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun ní èdè bàbá wọn. Àwọn aládùúgbò kì í yé bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, tí àgbàlagbà yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, tí yóò máa pariwo "a, b, d" mọ́ ògiri. Òun a ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, iṣẹ́ tó ń bọ́ni kì í ṣe iṣẹ́ yẹ̀yẹ́.

Bàbá rẹ̀, Ògúnwùmí, àgbẹ̀ ni, olùbọ Ògún sì ni, bí bàbá tó bí i ti jẹ́. Kúnlé, àbúrò Moríyọ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀lé, ìparí ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé. Gift, ìyàwó Kúnlé, ọmọ Òkè-Àkò, ló kù pẹ̀lú wọn nílé. Ọmọ ìjọ ni Gift, kì í fi ọjọ́ Ìsinmi ṣeré. Bàbá kò bá a jà sí i rí, bẹ́ẹ̀ ni Gift kò yọ ṣùtì sí ojúbọ tó wà ní ìkángun àgbàlá. Gift ló ń gún iyán bàbá, bí iyán bá sì dé, bàbá a ní, "Ìyàwó mi, o kú uṣẹ́." Ẹni tó bá dé ilé náà nígbà yẹn yóò rò pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá di ìṣòro láti ọjọ́ Sátidé tí Moríyọ̀ lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó pàdé Gift lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́.

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo kàn bá yín nu eruku ni, ẹ̀gbọ́n mi," Gift dáhùn, ó sì bojú wolẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Moríyọ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé lọ sùn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju eruku lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan tó ń kọ́ ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ní kó wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n wò ó bó ṣe ń kọ́ni. Bí wọ́n bá gbà á, ó bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá lónìí tó ń sá lọ́la.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣí kọ̀ǹpútà kó lè múra sílẹ̀. Iná rẹ̀ tàn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Moríyọ̀ tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, kò jáde. Ó tẹ ìkejì, kò jáde. Ó fi gbogbo ìka tẹ kíbọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà kàn ń wò ó lójú ni. Ó wá fi ìka fa pẹpẹ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà. Ọfà náà dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà tó ní òun ò lọ.

Ó tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí tó fi kú, ó tún un tàn, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n tún wà. Ó yọ ṣájà, bóyá iná ló ń ṣe é. Ó ki ṣájà padà. Ó rántí pé bọ́tìnnì kan wà tó máa ń ti pẹpẹ náà pa béèyàn bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ó sì wá a kàn, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ gbọ́ ná, bọ́tìnnì tó ti kú, báwo ni yóò ṣe jí ẹlòmíràn dìde? Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ, koríko gan-an ni yóò dì mú.

Níkẹyìn ó pe Afọlábí, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìdó. Afọlábí ní kó wá máòsì tó ní wáyà, kó fi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yá ọ̀kan lọ́wọ́ tíṣà kan ládùúgbò, ó ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́, ọfà sì sáré! Moríyọ̀ hó yèè. Afọlábí fi ọ̀nà hàn án lórí fóònù bí yóò ṣe mú kíbọ́ọ̀dù jáde sójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kó lè máa fi máòsì mú lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Bó ṣe wọlé nìyẹn. Afọlábí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ rẹ̀ pé, ọwọ́ ló rọ. Ẹ gbé e wá kí n tú u."

Kò sáyè títú mọ́, ìdánwò ti dé. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó inú kọ̀ǹpútà bí ọmọ bá ti ń béèrè. Ọmọ béèrè, Moríyọ̀ ń ṣa lẹ́tà. Ó ti ṣa "ì", ó ń wá "y", ọmọ náà ti ń wo òkè àjà. Obìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà rẹ́rìn-ín ọmọlúàbí, ó ní àwọn yóò kàn sí i. Moríyọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì sunkún.

Ẹkún náà kò tíì gbẹ tó fi di ìbínú, ìbínú náà kò sì wá ẹni tí yóò gún jìnnà. Ó jáde sí àgbàlá. "Gift! Kí lo dà sí kọ̀ǹpútà mi?"

Gift ní òun ò da nǹkan kan sí i. Moríyọ̀ ní irọ́ ni, kí ló ń fi àkísà tútù nù nígbà náà? Ohùn rẹ̀ dé òpópónà. Bàbá pè wọ́n jókòó, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ó bi Gift bóyá ó wọ yàrá náà. Gift ní òun wọ̀ ọ́. Ó bi í bóyá ó da nǹkan sí kọ̀ǹpútà. Gift ní rárá. Ó bi í pé kí ló ń nù. Gift wo bàbá lójú díẹ̀, ó sì gbójú kúrò.

Bàbá na ọwọ́ mú àdá tó fi kọ́ ara ògiri, ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ulé yìí kì í jà pẹ́. Urin rè é. Fi ẹnu kàn án, kí o ní ọwọ́ rẹ mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Moríyọ̀ á bẹ̀ ọ́."

Gift kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ dákun, Bàbá. Mi ò lè fi irin búra. Ìgbàgbọ́ mi ò gbà á."

Ní ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn. Ní ilé Ògúnwùmí, ẹni tó bá sá fún irin ti jẹ́wọ́. Ojú bàbá yí padà. Ó gbé àdá rẹ̀ kọ́, ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù urin." Gift pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, Kúnlé ò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ ju pé, "Ṣáà bẹ̀ wọ́n, kó lè tán." Gift bẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n fún ohun tí kò ṣe, àwọn náà sì gbà á bí ẹni tó ṣe é.

Láti ìgbà náà, bí Gift bá gbé iyán dé, bàbá a ní, "Gbé e síbẹ̀." Iyán á tutù, á le, ajá á jẹ ẹ́. Nígbà tí ara Gift ò gbà á mọ́, ó kó aṣọ sínú báàgì, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní Òkè-Àkò. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Moríyọ̀ wò ó láti ojú fèrèsé títí ọ̀kadà fi gbé e lọ, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé ó tọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ló wá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìdó. Ṣọ́ọ̀bù Afọlábí kò jìnnà sí ọsibítù ńlá, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà dojú délẹ̀, ó tú ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ṣí i. Ó fa imú. Ó tún fa imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ máa ń mu ẹmu nídìí iṣẹ́ ni?"

Moríyọ̀ fẹ́ fi èébú dá a lóhùn, àmọ́ Afọlábí ti yọ kíbọ́ọ̀dù síta, ó ń fi irin tín-ín-rín tọ́ka. "Ẹ wò ó. Ẹmu ló gbẹ, tó lẹ̀ mọ́ ọn báyìí, èèrà ti débẹ̀. Epo pupa rè é, òun ló ṣàn dé abẹ́ pẹpẹ. Èyí ńkọ́? Obì ni. Ta ló ń jẹ obì sórí kọ̀ǹpútà?"

Moríyọ̀ jókòó. Láyé rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń kó epo, ẹmu àti obì sójú kan. Sátidé tó lọ sí Ìkọ̀lé, ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ bọ Ògún. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo irin ilé ló ń jáde: àdá, ọkọ́, ìbọn, títí kan ọ̀kadà Kúnlé.

Nínú mọ́tò tó gbé e padà, èṣù sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Bàbá ti darúgbó. Iṣẹ́ ti lọ. Gift ti lọ. Bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Mi ò ní purọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa, ó sì rò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń rò ó ló ń rí Gift lórí eékún, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹni tó jókòó tì í.

Ó bá bàbá nílé, tó ń ti èèkù bọ ọkọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó sì bi í. Bàbá kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ta ẹmu Ògún sí i. Ṣé uṣẹ́ ọwọ́ rẹ kọ́ ni? O ní o fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Mo ṣí i kí Ògún lè rí unú rẹ̀, mo ní kó lànà fún ọ."

"Bàbá, òun ló bà á jẹ́."

"Ẹmu Ògún? Tí mo ń ta sí ìbọn lọ́dọọdún? Ṣé ọ̀kadà Kúnlé bàjẹ́?" Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó sì já lójijì. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rántí Gift tí òun gbé àdá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mo gbọ́ ẹjọ́ lápá kan, mo dá a. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi gan-an ni."

Moríyọ̀ ní kí àwọn ránṣẹ́ sí Kúnlé, kó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá. Bàbá ní rárá, ẹnu tó dá ẹjọ́ náà ni yóò tú u.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé Òkè-Àkò, wọ́n bá Gift ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga wá, ó gbé omi wá. Bàbá kò fọwọ́ kan omi. Ó ṣí fìlà lórí, níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, Moríyọ̀ kò sì rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ọwọ́ mi ló ba nǹkan jẹ́," ni bàbá wí, "ẹnu mi ló sì dá ọ lẹ́bi."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Gift dáhùn.

Bàbá gbójú sókè.

"Mo rí yín láti ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ̀ ń pè nínú àdúrà yẹn. Nígbà tí ẹ jáde, mo wọlé, mo nù ún. Mi ò mọ̀ pé ó ti wọnú."

Ẹkún gbọ̀n Moríyọ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ, Gift? Mo fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé!"

"Ta ni yóò gbà mí gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n á ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Ògún ló wá bá jà." Gift yíjú sí bàbá, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá. "Àti pé ẹ ní kí n búra, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí."

Bàbá tẹ orí ba, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gift fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra, ó sì ń pa á lọ.