Àfọ́kù Igbá Tí Kò Bára Mu

Àfọ́kù igbá náà dún pá láàárín ọwọ́ Ìyá Àgbà, ó sì là sí méjì. Wọ́n gbé ìdajì méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, wọ́n wo etí wọn tó rí ṣágiṣàgi bí eyín ẹja, wọ́n tún wọn pọ̀ láti rí i pé wọ́n bára mu, lẹ́yìn náà wọ́n na ọ̀kan sí bàbá mi.

"Mú un dání. Bí o bá dé, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá, bí mo bá sọ ọ́ nù sójú ogun ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní dá ojú mi mọ̀ ni?"

"Ojú tèmi ti ń ṣú. Ṣé o fẹ́ kí n kó aṣọ rẹ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kí mi ni?"

Wọ́n fi òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran so ìdajì kejì mọ́ ẹrù bàbá mi. Dàńdógó kan, ẹ̀wù ńlá ọkùnrin, ló wà nínú ẹrù náà, èyí tí ìyá bàbá mi ran òwú rẹ̀ kó tó kú. Bàbá mi gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí mi, ó sì bá àwọn tó kù lọ. Ogun Ìjàyè ni wọ́n ń lọ.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ìbátan wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín agboolé wa àti tiwọn, ní abúlé oko kan tí kò jìnnà sí Ìrókò, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ń gbà jáde láti Ìbàdàn. Ọ̀yọ́ Ilé ni Ìyá Àgbà ti sá wá nígbà tí ìlú náà tú. Ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ẹni tó bá ń lọ sójú ogun tàbí sí ọ̀nà jíjìn máa ń kó ohun rere rẹ̀ sí. Àjà yàrá wọn kún fún ẹrù. Mo mọ àwọn tó ni òmíràn nínú wọn, àwọn mìíràn sì ti lọ kí wọ́n tó bí mi.

Òórùn èéfín àti ewé efinrin ni yàrá náà máa ń rùn. Bí òjò bá dá tí oòrùn sì yọ, Ìyá Àgbà á sọ ẹrù wọ̀nyẹn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sá aṣọ sórí ẹní, wọ́n á gbọn kòkòrò kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fi ewé tuntun sí i, wọ́n á sì tún un dì. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọjú sí títì, wọ́n á máa ran òwú. Ìránwú wọn a máa dún kìrìkìrì nínú ìdérí igbá kékeré kan. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, ìránwú náà á dúró. Bí ẹni náà bá kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan mo bi wọ́n pé, "Ìyá Àgbà, ta lẹ ń wò?"

"Ìyá ọkọ rẹ ni. Ó ń bọ̀ wá wò ó bóyá o mọ ilé gbá."

Ogun náà kò tán bí a ti rò. Àwọn ọkùnrin kò sí nílé láti kọ ebè. Ìwọ̀nba iṣu tí a gbìn, àwọn ọmọ ogun tó ń kọjá ló ń wà á jẹ. Lẹ́yìn tí bàbá mi lọ ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, nígbà tó sì yá, ọyàn wọn gbẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n pọn ọmọ náà, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a sì lọ bá Ìyá Àgbà. Obìnrin kan wà ní Ìrókò tó ṣe tán láti fi èlùbọ́ àti iyọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ dàńdógó náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ọmọ rẹ̀ ni ebi ń pa, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn."

"Mo gbọ́."

"Ìyàwó rẹ̀ sì ni mí."

"Mo mọ̀ ọ́. Èmi ni mo da omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé."

"Kí ló wá dé?"

"Ìdajì rẹ̀ kò tíì dé."

Ìyá mi wo àjà, wọ́n wo Ìyá Àgbà. "Ẹ tọ́jú aṣọ, kí ọmọ kú. Ẹ kú iṣẹ́." A sì jáde. Mi ò gbọ́ ìránwú mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá mi lọ ṣẹ́ igi, mo lọ sí ààtàn, mo ṣa àfọ́kù igbá kan tó jọ èyí tí bàbá mi mú lọ. Mo ha etí rẹ̀ lórí ọlọ títí ó fi rí ṣágiṣàgi. Ó gé mi lọ́mọńdinrín. Mo gbé e lọ bá Ìyá Àgbà lọ́sàn-án gangan.

"Ẹnì kan ló ní kí n fún yín," ni mo wí.

"Ta ni?"

"Ọmọ ogun kan. Ó ti kọjá lọ."

Ìránwú bọ́ lọ́wọ́ wọn, òwú sì já. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fìdí lélẹ̀ lásán, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ki oríkì náà rí. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Ohun tí gbogbo àgbà abúlé wa mọ̀ tí èmi kò mọ̀ ni pé ẹni tó ni ẹrù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìdajì padà. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá gbé e wá, ó ti kú nìyẹn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí a lè fi ìdajì igbá rán.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n sọ ẹrù bàbá mi kalẹ̀, wọ́n sì gbé ìdajì méjèèjì kan ara wọn. Wọ́n yí tèmi po. Wọ́n tún un yí.

"Kò bára mu," ni wọ́n wí.

Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ọmọńdinrín mi. Mo ń retí ìgbátí.

"Kò bára mu. Ó ṣì lè máa bọ̀." Wọ́n sọ tèmi sínú iná, wọ́n sì wé gèlè wọn padà. "Ìwọ ọmọ yìí, bó bá ṣe pé ìyá rẹ lo kọ́kọ́ fi hàn ńkọ́? Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ."

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì da èlùbọ́ sínú igbá kan fún mi. Àṣẹ̀yìnwá ni mo tó rántí pé èéfín kò jáde nílé ìdáná wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àti ní ọjọ́ kejì rẹ̀.

Èlùbọ́ náà kò tó nǹkan. Àbúrò mi kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà wọlé wa, Ìyá Àgbà sì dúró lẹ́yìn ògiri títí a fi sin ọmọ náà tán.

Ìjàyè wá fọ́. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn dé, wọ́n fi ìdajì wọn gba ẹrù wọn. Ìdajì àwọn mìíràn dé láti ọwọ́ ẹlòmíràn, a sì mọ̀ ọ́n, nítorí a máa ń rí Ìyá Àgbà lórí ìdúró tí wọ́n ti ń tú gèlè. Ti bàbá mi kò dé. Òun kò gbé e wá, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e wá.

Nígbà tí ìyá mi kò rí ohun tí wọ́n máa fi bọ́ mi mọ́, wọ́n mú mi lọ sí ilé àwọn oníwàásù ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé. Olùkọ́ wa jẹ́ ará wa kan tó ti Sàró dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó kọ "keep" sára pátákó. Ó ní òyìnbó ń lò ó fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́, fún ẹni tó pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, fún ẹni tó dákẹ́, fún ẹni tó mú ìlérí ṣẹ, fún ẹni tó ń ṣe ohun kan lọ láìdáwọ́ dúró, àti fún ẹni tí a fi nǹkan sí lọ́wọ́. A bi í níbi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní wọ́n wá orísun rẹ̀ títí, wọn kò rí i.

"Ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá," ni ọmọbìnrin kan wí, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lọ sílé, mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ojú wọn ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n ṣì jókòó sí.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn? Á mà máa rẹ̀ ẹ́ o." Ìránwú wọn yí díẹ̀. "Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Ti ẹni tí a fi nǹkan sí lọ́wọ́, Ìyá."

Wọ́n mi orí. "Ìyẹn ò nira. Kòkòrò nìkan ni mo ń bá jà lórí aṣọ. Ojú ọ̀nà ló nira."

Ó pẹ́ kí n tó lóye èsì yẹn. Ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní Èkó ni mo wà nígbà tí mo ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá kan. Òótọ́ ni olùkọ́ wa sọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìwé náà fi kún un pé kó tó di ọ̀rọ̀ fún dídi nǹkan mú, ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń fi í sọ ni kí ènìyàn máa ṣọ́nà, kó máa wo ọ̀kánkán fún ẹni tó ń bọ̀. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò lè ka ohunkóhun mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Àgbà ti kú nígbà náà. Àwọn ará abúlé kó ẹrù àjà wọn fún àwọn ẹbí tó ni ín, láìbèèrè ìdajì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìyá mi á ta dàńdógó náà, tàbí pé wọ́n á jó o. Àjà tiwọn ni wọ́n gbé e sí. Bí òjò bá dá, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á wá ewé efinrin, wọ́n á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi tún un dì. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, mi ò sì bèèrè.

Ìyá mi náà ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù náà wà báyìí, pẹ̀lú ìdajì igbá tí òwú Ìyá Àgbà ṣì so mọ́ ọn. Mo lè ka iye ọdún tí bàbá mi ì bá ti pé báyìí, mi ò kàn fẹ́ kà á ni. Lánàá, lẹ́yìn òjò, mo sá aṣọ náà. Mo ń gbọn kòkòrò kúrò létí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi sì dúró títí ẹni náà fi kọjá.