Ìwé Apààyàn Tí Mo Kà fún Bàámi

Lọ́dún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàámi lápá òsì, ojú wọn náà kọ̀, wọn kò lè dá ìwé kà mọ́. Tíṣà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́. Tíṣà lèmi náà ń ṣe ní Àgbàdo-Èkìtì. Bí a bá ti jáde nílé ìwé ní Fúráìdé, màá há ara mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Ìkẹ́rẹ́. Àbúrò ìyá mi ló ń tọ́jú wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Sátidé àti Sọ́ńdè, tèmi ni. Màá wẹ̀ wọ́n, màá fọṣọ, màá gúnyán, màá fi òróró ra apá tó kú náà. Nígbà tó bá máa fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi kì í gbé mi mọ́. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé, "Gbé ìwé yẹn wá."

Ìwé òyìnbó ni, ìtàn ọ̀daràn tí wọ́n ti rà látìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń tún aago ṣe, ó ń kọrin nínú kọ́áyà, ó ń kí aládùúgbò dáadáa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń sanwó fún un kó bá wọn pa ọ̀tá wọn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Bó bá pààyàn tán, á fọwọ́, á jókòó mu tíì.

Oorun a máa gbé mi lọ láàárín gbólóhùn. Bàámi á fi ọ̀pá kan àga mi.

"Ó ti wọ ulé ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ pa náà. Kí ló wá ṣe?"

Ó rẹ̀ mí débi pé inú apààyàn náà ń bí mi, pé kò tètè parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo ṣíwèé, mo rí i pé ikán ti jẹ ìparí rẹ̀. Mi ò sọ. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo ń hun tèmi: ọlọ́pàá wọlé, wọ́n dè é lọ́wọ́, ìyàwó bú sẹ́kún, ó parí.

Bàámi fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ lò ń pa. Mo ti kàwé yìí nígbà mẹ́fà kí á tó bí ọ."

Ojú tì mí. "Ẹ má bínú, sà. Ikán ló jẹ ẹ́."

"Wọn kò mú un. Ó darúgbó ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó tún gbéṣẹ́ fún un. Ìyàwó ló ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ jẹ́wọ́, obìnrin náà ní kó panu mọ́, òun ti mọ̀ tipẹ́."

"Kí ló dé tí kò sá lọ, sà?"

"Èmi náà ti rò ó títí. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti sá." Wọ́n kọjú síbi tí ohùn mi wà. "Ó ti rẹ ìwọ náà. Lọ sùn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo wà ńbí. Ibo ni mo ń lọ?"

Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sùn títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa aṣọ ìbora wọn bò mí lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ sùn. Nígbà mìíràn mo ń sùn; nígbà mìíràn aṣọ wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fọ̀. Wọ́n kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú ìdánwò ní Àgbàdo. Àbúrò ìyá mi ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀; mo gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ tán kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.