Àdín Lára Ọmọ Ẹyẹ Odò

Mo sin ẹyẹ odò títí irun fi funfun lórí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ lèyí, kì í ṣe eré, ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi fi àdín para fún wọn ni. Títí di òní, n kò gbàgbé rẹ̀.

Ajùé, lọ́nà Ore, là ń gbé. Ayé ológun ni, ìlú le koko. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ gẹdú fún àwọn tó ń lagi. Wọ́n dá a dúró, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá, àfi kéèyàn tò kó tó rí i rà. Ìgbà yẹn ni àbúrò ọkọ mi obìnrin ránṣẹ́ láti Èkó pé ká fún òun ní Folúkẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, kó wá máa bá òun tọ́jú ọmọ. Hẹ̀n! Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "bá mi tọ́jú ọmọ." Mo ti rí àwọn tó lọ, ìwé wọn parí síbẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Folúkẹ́, bí a ò bá rí nǹkan mú dání kí ilé ìwé tó wọlé, yóò lọ o."

Ibẹ̀ ni ẹyẹ ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ọkọ mi ń ṣán etí àbàtà, ló bá bá ẹyin pẹ́pẹ́yẹ odò nínú koríko, irú èyí tó máa ń súfèé bó bá ń fò kọjá nírọ̀lẹ́. Ó kó wọn wálé pé ká sè é jẹ. Mo ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Adìyẹ mi kan ń sàba lọ́wọ́. Mo yọ ẹyin tirẹ̀ kúrò, mo fi ti ẹyẹ odò sábẹ́ rẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan, ó jókòó lé wọn.

Nígbà tó pa wọ́n, mo wọ mọ́tò lọ sí Ore, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì létí màrosẹ̀. Ó gbẹ́ adágún omi síwájú ilé, kí àwọn tó ń ti Èkó lọ sí Bìní lè máa yà wòran, kí wọ́n sì jẹun. Ó ń wá ẹyẹ sínú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹyẹ igbó máa ń sá lọ o."

Mo ní, "Ọ̀gá, tí a bá gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kan, tí a fi èkejì sílẹ̀, báwo ló ṣe máa fò? Ṣe ni yóò máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí wọ́n bá dàgbà òun á wá wò wọ́n, bí wọ́n bá sì mọ omi í wẹ̀, ọwọ́ mi ni òun á ti máa rà. Mo kí i, mo padà wálé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àṣá ń bẹ, ejò ń bẹ, ológbò ará ilé kejì kì í gbójú kúrò lára wọn.

Omi gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ ní òróró kan nídìí ìrù tó fi ń pa ara, ó sì ń ran ọmọ rẹ̀ níbi tó bá kó wọn mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í wọ̀ wọ́n lára. Ti adìyẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ẹyẹ odò tí adìyẹ bá pa, inú àwo pẹlẹbẹ ni ká ti máa fún un lómi títí ìyẹ́ gidi yóò fi hù. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá, ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé. Ó ní òun ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òróró yẹn nìkan ló mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ bá wọn gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn ẹyẹ náà ni mo ṣe lọ. Bí mo ṣe ń bọ̀, Folúkẹ́ sáré pàdé mi.

"Màmá, ẹ wá wò wọ́n, wọ́n ń gbọ̀n!"

Ìyá jókòó ti ọpọ́n omi, ìgò àdín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ ń dán, àdín ti lẹ irun wọn pọ̀, omi sì ti gba àárín rẹ̀ wọ̀ wọ́n dé awọ. Méjì ti kú.

"Ìyá, kí lẹ fi pa wọ́n lára?"

"Àdín ni, kí n tó kó wọn sómi. Ṣebí ìwọ lo ní òróró adìyẹ ò tó? Òun náà ni mo fi para fún ọkọ rẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, òtútù ò mú un."

Orí mi gbóná. Mo pariwo, "Ẹ ti lé ọmọ mi lọ s'Ékòó!"

Ìyá dé ìgò àdín. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo rò pé ó lọ sunkún ni. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tó fi eérú èèpo kòkó sè, èyí tó kù fún un, àti aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun.

Ó ní, "Bí a ò bá kú, ìṣe ò tán. Gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá."

A fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ṣan ọṣẹ kúrò, a fi aṣọ funfun náà nù wọ́n. Ó kó àwọn tó rẹ̀ jù sí àyà, ó fi ìró bò wọ́n, ó jókòó ti iná. Ó ní, "Folúkẹ́ ò ní lọ. Ta ni yóò máa bá mi pa èkùrọ́?" Ojú tì mí.

Àwọn kan tún kú. Àwọn tó yè dàgbà, ìyẹ́ hù, mo gé ti apá kan, ṣùgbọ́n n kò láyà láti fi wọ́n sómi. Bí wọ́n bá rì ńkọ́?

Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì dé, kò tilẹ̀ jókòó. "Màmá, ẹ fi wọ́n sódò kí n rí i."

A lọ sí odò ẹ̀yìn ilé. Ìyá ló gba àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé omi. Ó kọ́kọ́ rì díẹ̀. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ẹyẹ náà ń gbọn ara, omi sì ń yí kúrò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò. Ó súfèé. Làwọn yòókù bá já wọ odò tẹ̀lé e.

Ọkùnrin náà ka owó sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kó wọn sínú àgò." Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, Folúkẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, l'Ájùé níbí.

Nígbà tó yá, eékún tó ń dùn mí mú kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, díẹ̀ ló kù lẹ́yìnkùlé. Ilé mi ni Folúkẹ́ ti bí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní òun lòun máa wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó ṣí àdín. Àwọn ẹyẹ gbọ́ ìró omi, wọ́n súfèé, wọ́n rọ́ dé etí ọpọ́n. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìgò.

Ó ní, "Ẹ yáa máa lọ. Ti yín kọ́ o."