Ife Epo Kan fún Ṣebóotimọ

Ẹnu ajá náà pọ́n nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, mo sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo fi òwú nù ún. Epo pupa ni.

"Ife kan péré ni mo fún un," ni Màmá Fẹ́mi wí, bí ẹni tó ń retí kí n dúpẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe dókítà ẹranko ní Hayin Dogo, nílẹ̀ Hausa níbí, epo pupa ni igbákejì tí n kò gbà síṣẹ́. Kò sí ilé tí wọn ò ti gbà pé epo ń pa oró. Bẹ́ẹ̀, bí a bá rọ epo sẹ́nu ẹran tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń gbà lọ. Èyí tí májèlé ò bá rí pa, epo á bá a parí ẹ̀.

Opó òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Màmá Fẹ́mi, Dogarawa ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Alhaji Sàlíù, ará Ìlọrin tó múlé tì wọ́n, kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Màmá ra ajá, wọ́n sọ ọ́ ní Ṣebóotimọ, kí wọ́n lè máa pè é kí Alhaji máa gbọ́.

"Ọkùnrin yìí ló fún un ní májèlé jẹ," ni Màmá wí, wọ́n nawọ́ sí Alhaji.

Alhaji yìí náà ló sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ajá wá, torí kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó gbà á. Itọ́ àti epo ti ba babanríga funfun rẹ̀ jẹ́.

"Wallahi, n ò fẹ́ràn ẹ̀," ni Alhaji wí. "Àmọ́ gbígbó ẹ̀ ló ń ṣọ́ ilé tèmi náà. Dókítà, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀."

Itọ́ ń dà lẹ́nu ajá, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ iṣẹ́ ọtapiápiá bí mo bá rí i. Mo gún un lábẹ́rẹ́ tó ń já oró rẹ̀, mo sì dorí ẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ kí epo lè máa jáde.

"Màmá, ṣé ẹ ní ọtapiápiá nílé?"

"Ti èkúté ni. Àdúgbò PZ ni mo ti rà á. Mo dà á sára ẹja gbígbẹ, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ajá ńkọ́?"

"Mo kìlọ̀ fún un. Ó kúkú gbọ́ Yorùbá."

Alhaji gbójú sókè wo àjà. "Bí ikú ilé ò pani," ni ó wí jẹ́jẹ́, "tòde ò lè pani."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n Màmá ti ń sunkún. "Hausa ni àwọn ọmọọmọ mi ń bá mi sọ lórí fóònù. Òun nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Dókítà, ẹ má jẹ́ kó kú." Àánú wọn ṣe mí débi pé mo gbàgbé ìbínú mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara ajá ti ń rọlẹ̀. Epo ló wá dá a dúró sọ́dọ̀ mi: ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi, oró májèlé sì ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ tí Màmá wá mú un, mo sọ fún wọn pé májèlé kì í bá oúnjẹ gbé. Kí wọ́n tì í mọ́ àpótí. Mo ní ọbẹ̀ alálùbọ́sà àti ṣokoléètì tí Fẹ́mi ń fi ránṣẹ́ ò dára fún ajá. Mo ní bó bá tún jẹ ohunkóhun, kí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ìgò ohun tó jẹ, kí wọ́n fi epo sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Màmá ní àwọn gbọ́. Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaji, àmọ́ mo gbọ́ pé abọ́ mọ́ínmọ́ín kọjá lórí ògiri.

Kò pẹ́ sí i, àwọn méjèèjì tún dé. Ológbò Alhaji ni wọ́n gbé wá.

"Kí ló jẹ?"

"Alángbá," ni Alhaji wí.

"Ṣé alángbá wá ni májèlé?" Mo la ẹnu ológbò. Ó pọ́n. Mo wo Màmá Fẹ́mi.

"Alhaji ló fún un," ni Màmá wí.

"Haba, Màmá Fẹ́mi! Ẹ̀yin lẹ ní kí n fún un."

"Ṣíbí kan ni mo sọ, mi ò sọ ife." Màmá kọjú sí mi, ojú wọn mọ́ kedere. "Dókítà, a ṣáà ti dín in kù."