Ọjọ́ Tí Òṣùpá Bo Oòrùn ní Al Majaz

Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn ní ìlú Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan ní àdúgbò Al Majaz ni mo ti ń ran àwọn tíṣà lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Miss Elena, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sípáníìṣì, fi ọsàn ṣe oòrùn, ó fi bọ́ọ̀lù kékeré ṣe òṣùpá. "El sol! La luna!" làwọn ọmọ ń ké. Tiwa, ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún, nìkan ni kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wa wọ gíláàsì dúdú tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn, a jáde síta. Òṣùpá ti ń bo oòrùn díẹ̀díẹ̀. Orí mi wú. Mo gbàgbé ara mi, mo bọ́ gíláàsì kí n lè rí i dáadáa.

"Mami, no! Los ojos!"

Tiwa ló pariwo! Ó fò mọ́ mi, ó fọwọ́ méjèèjì bo ojú mi.

"Kí lo wí?"

"Ojú yín, Mọ́mì! Ẹ má fojú lásán wò ó!"

Miss Elena gbá a mọ́ra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ló fi ní sùúrù fún ọmọ mi, kò jágbe mọ́ ọn rí. Sùúrù yẹn ló jẹ́ kí Tiwa lanu lọ́jọ́ náà; Miss Elena ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ojú tí mo fi ń kọ ìtàn yìí.