Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Jí Ẹ̀rọ Lójú Oorun

Bí mo bá gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń kérora, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ń wá sí mi lọ́kàn. Òun ló ń tan ẹ̀rọ níbi tí a ti ń lagi ní Makera, nílẹ̀ Hausa, kí ogun abẹ́lé tó dé. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ẹ̀rọ ìlagi mẹ́ta, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jí wọn lójú oorun, èyí tó tóbi jù á ṣáájú.

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lebi ń pa jù," ni yóò wí, torí ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ló ń fa iná jù. Nílé pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jí àwa àbúrò rẹ̀ kí ẹ̀kọ lè kárí.

Omidan aránṣọ kan, ọmọ Ìlọrin, máa ń wá ṣa àgékù pákó tó fi ń dáná. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo kì í jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

"Kí lẹ wí?" ni aránṣọ yóò máa bi í.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe fáàrí lójú aránṣọ, ó tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gílóòbù pọ́n, jẹnẹrétọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ń pariwo pé, "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹnu ibẹ̀ ló wà tí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń dún.

"Kai!" ni bàbá Hausa kan tó ń ru pákó níbẹ̀ wí.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Mo gbọ́. Gbogbo Makera gbọ́. Ẹ tan ẹ̀rọ yín ná, kí n tó dáhùn."

Ẹ̀gbọ́n mi tún tan jẹnẹrétọ̀, ó sì tan àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ariwo gbalẹ̀, aránṣọ sọ ìdáhùn rẹ̀ sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè, ó sì fi ayọ̀ dì mọ́ bàbá tó ń ru pákó.